Mo fẹ́ ra ọkọ̀ abẹ́ omi àlòkù ní Florida: ìwé wo ni mo gbọ́dọ̀ ní?

Wẹ́dàÀgbà_Tampa
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Iṣẹ́ wẹ́dà ni mo fi jẹun fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, láti Apápá títí dé Florida níbí, mo sì ti fẹ̀yìn tì. Òyìnbó kan ládùúgbò wa fẹ́ ta ọkọ̀ abẹ́ omi K-350 kan. Bàbá rẹ̀ ló kàn án nínú gáréèjì, ó tẹ̀ lé àwòrán tí Kapténì George Kittredge, ará Maine tó ti ṣiṣẹ́ ológun ojú omi rí, ń tà fáwọn aráàlú. Ẹni méjì ló ń gbà. 350 tó wà lórúkọ rẹ̀ ni iye ẹsẹ̀ tó lè lọ nísàlẹ̀, bíi mítà 107. Owó tó ń béèrè kò ju ti Camry àlòkù lọ.

Mo ti fi ọwọ́ gbá a yíká, ojú ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀ mọ́ tónítóní. Ìbéèrè mi ni pé: ṣé dandan ni kí n gba ìwé ẹ̀rí kí n tó gbé e wọ omi? Ṣé láìsẹ́ǹsì wà fún ẹni tó máa wà á? Láti ìgbà tí ọkọ̀ abẹ́ omi Titan ti fọ́ mọ́ èèyàn nínú ní 2023, ìyàwó mi ò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Ó ní lọ́jọ́ tí mo bá wọ inú rẹ̀, ọ̀dọ̀ ọmọ wa ní Maryland lòun máa wà.

ÌyáÌbejì_Houston
Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi kí ìyàwó yín. Iṣẹ́ adójútòfò ni mò ń ṣe, mo máa padà wá lálẹ́ kí n sọ tèmi.

Sọ̀fíyọ̀_Norfolk
Ẹ kú àtijọ́, ẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa yẹ ọkọ̀ òkun wò, torí náà ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn.

Ó máa yà yín lẹ́nu pé ìjọba Amẹ́ríkà ò ní béèrè ìwé ẹ̀rí kankan nípa ara ọkọ̀ yẹn, bó bá jẹ́ fàájì tiyín nìkan lẹ fẹ́ fi ṣe. Lójú òfin, kò yàtọ̀ sí ọkọ̀ tí wọ́n fi ń lọ pẹja ní Sátidé. Ẹ máa forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀. Ní Florida, ọ́fíìsì agbowó-orí káńtì yín lẹ máa lọ. Bí kò bá ní nọ́ńbà ara ọkọ̀, ìpínlẹ̀ ló máa fún un ní ọ̀kan, torí pé inú ilé ni wọ́n ti kàn án, kì í ṣe iléeṣẹ́. Ẹ gbọ́dọ̀ ní jákẹ́ẹ̀tì ìléfòó fún olúkúlùkù, ohun ìpaná, fèrè tàbí họ́ọ̀nù, ohun tí ẹ máa fi pe ìrànlọ́wọ́ lójú òkun. Nígbà tó bá wà lókè omi lálẹ́, irú iná tí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ń tàn ni kí ó tàn. Kò sí láìsẹ́ǹsì awakọ̀ abẹ́ omi fún ẹni tó ń ṣe fàájì. Káàdì ẹ̀kọ́ ọkọ̀ omi ti Florida wà fún ẹni tí wọ́n bí láti January 1, 1988 tó bá fẹ́ wa ẹ̀rọ tó tó agbára ẹṣin mẹ́wàá, mi ò sì rò pé ẹ̀yin wà nínú wọn.

Owó ló ń yí gbogbo rẹ̀ padà. Ọkọ̀ ojú omi kékeré lè gbé èrò mẹ́fà tó sanwó láìjẹ́ pé Coast Guard, ẹ̀ṣọ́ etíkun Amẹ́ríkà, fún un ní ìwé àyẹ̀wò. Ti abẹ́ omi ò rí bẹ́ẹ̀. Láti 1993, nínú òfin tí wọ́n pè ní Passenger Vessel Safety Act, èrò ẹyọ kan péré tó sanwó ti sọ ọ́ di ọkọ̀ èrò. Coast Guard gbọ́dọ̀ yẹ àwòrán rẹ̀ wò, kí wọ́n yẹ ọkọ̀ fúnra rẹ̀ wò, kí wọ́n fún un ní Certificate of Inspection, ẹni tó ń wà á náà sì gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ wọn lọ́wọ́.

Táyé_NJ
Ẹ̀gbọ́n Sọ̀fíyọ̀, tí ọ̀rẹ́ wọn bá bá wọn ra epo ńkọ́? Tàbí tó gbé kúlà oúnjẹ wá?

Sọ̀fíyọ̀_Norfolk
Ìbéèrè gidi nìyẹn. Bí ọ̀rẹ́ bá dá owó epo tàbí oúnjẹ tí wọ́n ná lọ́jọ́ náà, tinútinú rẹ̀, tí kò jẹ́ àdéhùn kó tó wọlé, òfin ò pe ìyẹn ní owó ọkọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ẹni tí kò mówó wá ò ní wọlé, èrò lẹ gbé yẹn, ì báà ṣe ọgọ́rùn-ún dọ́là, ì báà ṣe pé ẹ pè é ní “ọrẹ” tàbí “owó ẹgbẹ́”.

Iléeṣẹ́ tó ni Titan ò pe àwọn tó ń sanwó ní èrò rárá. “Mission specialist” ni wọ́n ń pè wọ́n, bí ẹni pé òṣìṣẹ́ ni wọ́n. Ọkọ̀ náà ò ní orílẹ̀-èdè kankan tó forúkọ sílẹ̀ sí, kò sí ẹgbẹ́ ayẹ̀kọ̀wò kankan tó fọwọ́ sí i, òkun gbangba tí kì í ṣe ti orílẹ̀-èdè kankan ló sì ń rì sí. Èèyàn márùn-ún ló kú ní June 18, 2023. Nígbà tí Coast Guard gbé ìròyìn ìwádìí wọn jáde ní August 2025, wọ́n ní ikú tó ṣeé yẹ̀ ni.

Òmìnira_ATL
Ẹ má bínú o, ṣùgbọ́n ẹ̀yin oníwèé yìí náà ti pọ̀ jù. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ọkọ̀ Kittredge ti ń wọ omi, tí wọ́n sì ń jáde, láìsí pé ẹgbẹ́ ayẹ̀kọ̀wò bí ABS tàbí Lloyd's fọwọ́ kàn wọ́n. Karl Stanley fọwọ́ ara rẹ̀ kan tirẹ̀, ó sì ti fi ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ gbé àwọn arìnrìn-àjò lọ sísàlẹ̀ ní Roatán, ní Honduras. Mítà 600! Ìwé ẹ̀rí wo ló ní? Ẹ̀gbọ́n wẹ́dà mọ irin ju ọmọ tó máa gbé páálí wá yẹ̀ ẹ́ wò lọ.

Sọ̀fíyọ̀_Norfolk
Òótọ́ wà nínú ohun tí o sọ, àbúrò. Ṣùgbọ́n o ò sọ ọ́ tán. Stanley yìí kan náà wọ Titan ní Bahamas ní 2019, ó gbọ́ bí ara ọkọ̀ ṣe ń dún pàà-pàà, ó sì kọ̀wé sí ọ̀gá wọn, Stockton Rush, pé ohun kan ń bàjẹ́ níbẹ̀. Ẹni tí kò ní ìwé ẹ̀rí ló kìlọ̀ fún ẹni tí kò fẹ́ ìwé ẹ̀rí. Irin sì ni Stanley lò. Bí irin ṣe ń ṣe lábẹ́ omi, ó ti pẹ́ tí ayé ti mọ̀ ọ́n. Carbon fibre ni Titan.

Nípa páálí tí o sọ: ẹgbẹ́ ayẹ̀kọ̀wò, bí ABS, DNV, Lloyd's Register tàbí Bureau Veritas, kì í dé lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá parí. Wọ́n á yẹ àwòrán wò kí ẹnikẹ́ni tó gé irin. Wọ́n á gba ìwé irin fúnra rẹ̀, ibi tí wọ́n ti rọ ọ́ àti ohun tó wà nínú rẹ̀. Wẹ́dà á ṣe ìdánwò fún irú irin jíjó yẹn gan-an. Wọ́n á wo inú ojú jíjó, kì í ṣe òkè rẹ̀ nìkan. Wọ́n á wá fi omi tẹ̀ ẹ́ kọjá jíjìn tí wọ́n kọ sí i lára, ìlọ́po 1.25, kí sọ̀fíyọ̀ tó wọ inú rẹ̀ bá wọn lọ sísàlẹ̀. Lọ́dọọdún ni wọ́n á sì máa padà wá. Àwọn tó ń sọ pé èyí ń dí ọgbọ́n tuntun lọ́wọ́, ẹ wo Limiting Factor ti Victor Vescovo: ó dé ìsàlẹ̀ òkun tó jìn jù láyé ní 2019, ó ju 10,900 mítà lọ, DNV GL sì fọwọ́ sí i.

Ẹ̀gbọ́n wẹ́dà, mi ò ní tàn yín: ẹ ò lè rí irú ìwé yẹn gbà fún ọkọ̀ gáréèjì tó ti di odindi. Kò sẹ́ni tó mọ irin tí bàbá yẹn rà, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó rí i nígbà tó ń jó o. Ohun tí ẹ lè ṣe ni kí ẹ jí ìdánwò wọn lò.

Abẹ́Òkun_Aberdeen
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo kí yín láti ibi òtútù. Ẹ̀rọ abẹ́ omi tí kò gbé èèyàn ni mò ń wà lórí òkun Àríwá, ṣùgbọ́n wọ́n kọ́ wa ní ìtàn àwọn tó gbé èèyàn dáadáa. Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ irin. Nínú ọ̀pọ̀ ìtàn tí wọ́n kọ́ wa, èémí ló pa wọ́n tàbí tó fẹ́ pa wọ́n.

Lọ́dún 1973, ní June, ọkọ̀ abẹ́ omi Johnson Sea Link há sínú àwókù ọkọ̀ ogun tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ rì sí Key West, ní Florida yín níbẹ̀. Ó ju ọjọ́ kan lọ kí wọ́n tó fà á jáde. Mẹ́rin ni wọ́n. Àwọn méjì tó wà níwájú, nínú bọ́ọ̀lù ike tó mọ́ gaara, yè. Àwọn méjì tó wà lẹ́yìn, nínú yàrá alumíníọ́mù, kú. Ọkọ̀ ò fọ́ o! Alumíníọ́mù jẹ́ kí òtútù wọlé, oògùn tó ń gba kábónì dàìókísáìdì inú afẹ́fẹ́ tutù, kò sì ṣiṣẹ́ mọ́. Èémí tí wọ́n mí jáde ló pa wọ́n.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ọkọ̀ abẹ́ omi Pisces III rì pẹ̀lú Roger Chapman àti Roger Mallinson nínú òkun Àtìláńtíìkì, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Ireland, mítà 480. Ọ́síjìn wákàtí 72 ni wọ́n ní. Wákàtí 84 ni wọ́n lò nínú rẹ̀. Wọ́n dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, wọn ò sọ̀rọ̀, ọ́síjìn tó ṣẹ́ kù nígbà tí wọ́n yọ wọ́n ò ju ti ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ohun tó gbà wọ́n là ni pé Mallinson ti fi ìgò ọ́síjìn tó kún pààrọ̀ èyí tó ti dín kù kí wọ́n tó gbéra. Ó dá mi lójú pé ẹlòmíì ò bá ní ó ṣì tó.

Àwọn ará Nàìjíríà á rántí Harrison Okene, alásè inú ọkọ̀ Jascon-4 tó dojú dé ní 2013. Ó lo bí ọgọ́ta wákàtí nínú afẹ́fẹ́ díẹ̀ tó há sínú ọkọ̀, bíi mítà ọgbọ̀n nísàlẹ̀. Omi tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ń bá a gba díẹ̀ lára kábónì yẹn. Nínú K-350 yín, ilẹ̀ gbígbẹ ni. Bí sódà láìmù, oògùn tó ń gba kábónì yẹn, bá tán, kò sí ohun mìíràn tó máa gbà á.

Torí náà: ẹ̀rọ tó ń wọn kábónì dàìókísáìdì, ọ̀tọ̀, èyí tó ń wọn ọ́síjìn, ọ̀tọ̀. Kábónì ò gbọ́dọ̀ kọjá 0.5%. Ọ́síjìn, láàárín 18 sí 23%; tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, iná kékeré á jó bí epo bẹntiróòlù. Wákàtí 72 tí ABS fẹ́ kí ó wà ní ìpamọ́, lẹ́yìn èyí tí ẹ fẹ́ lò lọ́jọ́ náà, ẹ má sọ pé “wákàtí kan péré ni mo fẹ́ lò”. Pisces náà ò wéwèé láti sùn síbẹ̀.

Ẹni tó bá wà ní Britain tó ń ka èyí: òfin ọkọ̀ abẹ́ omi ti wà níbí láti 1981 fún kíkàn àti yíyẹ̀wò, àti 1987 fún lílò. Ẹ lọ bá Maritime and Coastguard Agency kí ẹ tó ná owó.

Maṣinní_Ìbàdàn
Ẹ gbà mí láàyè kí n ṣe tíṣà díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wẹ́dà, ẹ sọ pé ẹ ti fi ọwọ́ gbá a. Ẹ mú agolo Bournvita tó ṣófo, ẹ gbé e nàró, ẹ tẹ̀ ẹ́ lórí. Ó máa gbà á. Ẹ wá fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé díẹ̀, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́ lórí. Ṣé ẹ rí i bó ṣe rún? Bí omi ṣe ń pa ọkọ̀ abẹ́ omi nìyẹn. Kì í ya, ṣe ló ń rún wọlé. Bí irin ṣe nípọn tó ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n bó ṣe rí róbótó tó ṣe pàtàkì bákan náà. Ẹ wọn ìbú rẹ̀ ní ọ̀nà púpọ̀, láti orí dé ìdí, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ yẹ abẹ́ ọ̀dà wò níbi tí àwọn òrùka inú ti kan ara, ibẹ̀ ni ó ti máa ń dógùn-ún láìsí pé ojú rí i.

Ọmọrí ẹnu ọ̀nà: bí ìbú rẹ̀ bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60, ní mítà 107 omi gbé bíi tọ́ọ̀nù ọgbọ̀n lé e lórí. Ìyẹn ò burú, ó ń fún un pa ni. Èyí tó yẹ kó bà yín lẹ́rù ni mítà kan péré. Níbẹ̀, ó ṣì ju 280 kílò lọ. Kò sí babaláwo tó lè ṣí i láti inú, àfi kí ẹ jẹ́ kí omi wọlé títí tí inú àti òde á fi dọ́gba. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á bóyá fáfù wà fún ìyẹn, kí ẹ sì fi ọwọ́ ara yín yí i.

Fèrèsé. Ike ni, kì í ṣe gíláàsì, ó sì ń gbó. ASME, ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà Amẹ́ríkà, ní ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní PVHO-1. Ọdún mẹ́wàá ló sábà máa ń fún fèrèsé bẹ́ẹ̀. Fèrèsé tó péye máa ní nọ́ńbà àti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é lára. Èyí tí kò ní, ẹ ṣírò rẹ̀ bí èyí tó ti kú. Òjé tó yẹ kó já bọ́ nígbà ìṣòro gbọ́dọ̀ já láìlo iná mànàmáná. Bátìrì olójé ń tú háídírójìn jáde, 4% rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ ti tó láti bú gbàù, nítorí náà òde ni kó wà, nínú àpótí tirẹ̀.

Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, ẹ sọ ọ́ sísàlẹ̀ lófìfo. Ẹ so ó mọ́ okùn tó lágbára, ẹ fi ìwúwo kún un, ẹ jẹ́ kó dé mítà 134 (ìlọ́po 1.25 ti 107), kó wà níbẹ̀ fún wákàtí kan. Bó bá máa rún, kó rún láìsí èèyàn nínú rẹ̀.

Táyé_NJ
Mítà 134 ní Tampa kẹ̀? Mo ti gbé níbẹ̀ rí. Omi Tampa Bay ò ju mítà mẹ́ta àti ààbọ̀ lọ tí ẹ bá pín in dọ́gba 😂 Ẹ máa rìn ju ọgọ́rùn-ún kìlómítà lọ sórí Gulf kí ẹ tó rí mítà ọgọ́rùn-ún.

ÌyáÌbejì_Houston
Mo ti dé. Ẹ̀gbọ́n, ìdójútòfò ilé yín ò ní bo nǹkan yìí, ẹ má tan ara yín. Ẹ pe ẹ̀ka ọkọ̀ omi, kí ẹ sì sọ òótọ́ fún wọn. Nínú iṣẹ́ tèmi, oníbàárà kan kọ “ọkọ̀ fàájì” sílẹ̀ láìsọ ohun tó jẹ́ gan-an. Nígbà tí ìṣòro dé, lẹ́tà ojú ìwé kan ni wọ́n fi dá a lóhùn. Wọ́n á béèrè ìròyìn sọ̀fíyọ̀ tó dá dúró. Ibùdó tí ẹ fẹ́ gbé ọkọ̀ sí náà lè ní kí ẹ mú ìwé ìdójútòfò wá, ẹ béèrè kí ẹ tó ra tírélà. Ohun tí ìjọba ò fi dandan béèrè, àwọn wọ̀nyí á béèrè ẹ̀. Ẹ kọ gbogbo ìdánwò tí ẹ bá ṣe sínú ìwé kan, ọjọ́, jíjìn, ẹni tó wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, irú ìwé bẹ́ẹ̀ ló ń gba owó padà.

Agbẹjọ́rò_PG
Díẹ̀ nípa òfin tí ẹ ò tíì mẹ́nu bà, torí mo rí i pé ẹ ń rò pé ọ̀rọ̀ parí sí Coast Guard.

Àkọ́kọ́, àwọn akó-kokéènì ti Colombia ti ba orúkọ ọkọ̀ abẹ́ omi jẹ́. Tí wọ́n bá rí ọlọ́pàá, wọ́n á rì í pẹ̀lú ẹrù, ẹ̀rí á bá òkun lọ. Torí ẹ̀ ni Amẹ́ríkà fi ṣòfin ní 2008: ẹni tó bá wa ọkọ̀ abẹ́ omi, tàbí èyí tó rì dé ìdajì, tí kò ní orílẹ̀-èdè, lójú òkun gbangba, pẹ̀lú èrò láti fara pamọ́, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún 15. Wọn ò nílò kí wọ́n bá oògùn nínú rẹ̀. Ẹ̀yin ò ṣe nǹkan kan, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ forúkọ ọkọ̀ náà sílẹ̀ kó tó kan omi, kí ẹ gbé ìwé rẹ̀ sínú ọkọ̀ tó ń tẹ̀ lé yín lókè.

Ìkejì, ẹ má sún mọ́ ọkọ̀ ogun ńlá ti Amẹ́ríkà débi pé àárín yín ò ní tó ọgọ́rùn-ún yáàdì. Láti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta yáàdì ni ẹ ti gbọ́dọ̀ dẹ̀rọ̀. MacDill, ibùdó ọmọ ogun òfuurufú, sì wà létí omi yín níbẹ̀. Fójú inú wo ọmọ ogún ọdún tó gbé ìbọn dání tó rí ọmọrí irin tó ń yọ jáde nínú omi.

Ìkẹta, bí ẹ bá fẹ́ gbé e lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn: òfin òkun àgbáyé, UNCLOS, abala 20, ní omi tó bá jẹ́ ti orílẹ̀-èdè ẹlòmíì, òkè ni ọkọ̀ abẹ́ omi gbọ́dọ̀ máa rìn, kó sì fi àsíá rẹ̀ hàn.

Ẹ pe Coast Guard kí ẹ tó lọ, ẹ sọ ibi tí ẹ ń lọ àti wákàtí tí ẹ máa jáde. Wọn ò fi dandan mú yín, ṣùgbọ́n bí ẹ ò bá jáde, àwọn ni ẹ̀ ń retí.

ỌmọẸ̀pẹ́
Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ sọ pé kí ẹ gbé e wálé sí ọ̀sà, ṣùgbọ́n abala 20 yẹn ti dá mi lẹ́kun. Pẹ̀lú àwọn ajíepo tó wà lójú omi níbí àti àwọn ológun tó ń lé wọn, kò sẹ́ni tó máa dúró gbọ́ pé “fàájì ni”.

Wẹ́dàÀgbà_Tampa
Mo dúpẹ́ púpọ̀, ẹ̀yin àbúrò mi. Mo ti tẹ̀ lé yín ní ọ̀sẹ̀ yìí.

Mo wọn ìbú rẹ̀ ní ọ̀nà mẹ́jọ. Ó rí róbótó dáadáa, àfi ibì kan nísàlẹ̀ ibi tó ti jókòó lórí igi fún ọdún púpọ̀. Mo họ ọ̀dà ibẹ̀, mo sì bá ohun tí Maṣinní sọ: ó ti dógùn-ún lábẹ́ òrùka kan, èékánná mi wọ inú rẹ̀. Ojú tí mo pè ní mímọ́ ni o, èmi tí mo fi irin jẹun. Kò sí ọjọ́ kankan lára fèrèsé. Fáfù tó ń mú omi wọlé wà, ṣùgbọ́n kò yí.

Mo sọ fún òyìnbó náà pé mo fẹ́ yọ owó fèrèsé gbogbo àti ti irin tí mo máa jó padà kúrò, pé mi ò ní sanwó ìyókù títí a ó fi sọ ọ́ sísàlẹ̀ lófìfo. Ó kọ́kọ́ bínú, ó ní bàbá òun wọ ọ́ ní ìgbà àìmọye. Mo ní òótọ́ ni, èmi náà ì bá ti wọ̀ ọ́ lọ́dún yẹn. Ó gbà níkẹyìn. A ti ń wá ọkọ̀ tó ní kéréènì tó máa gbé e dé ibi tó jìn tó.

ÌyáÌbejì_Houston
Ìyàwó wa ńkọ́?

Wẹ́dàÀgbà_Tampa
Ó ṣì wà nílé. Ó ní bó bá yege, òun lòun máa jókòó sínú ọkọ̀ òkè pẹ̀lú aago àti nọ́ńbà Coast Guard, pé ẹlòmíì kankan ò gbọ́dọ̀ bá mi wọlé, ì báà sanwó, ì báà má san.

ỌmọẸ̀pẹ́
Ẹ fi àwòrán ìdánwò náà ránṣẹ́ o, bàbá!

Wẹ́dàÀgbà_Tampa
Bó bá jáde wá bó ṣe wọlé, ẹ máa rí i.